Lẹ́yìn Ọjọ́ Tí A Gé Ríbọ́ọ̀nù

Bí ènìyàn bá rìn yí ọgbà yunifásítì kan ká ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lónìí, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní okúta ìrántí lára ògiri, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ sí, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, àti orúkọ gíwá tí ó wà lórí àga nígbà náà. Èmi a máa dúró ka irú àwọn okúta bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọn kì í sọ ni ẹni tí ń san owó iná ilé náà, ẹni tí yóò pààrọ̀ páànù rẹ̀ nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àti bóyá olùkọ́ tí ń kọ́ni nínú rẹ̀ ní ohun èlò tí yóò fi kọ́ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ èrò mi lórí ọrẹ tí àwọn aládàáni ń ta àwọn yunifásítì, yálà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni, tàbí fún olùkọ́, tàbí fún àtúnṣe ọgbà. Èrò náà kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ọrẹ bá ń ṣe ní ọdún kọkànlá ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a gé ríbọ́ọ̀nù kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, tí n kò ní dárúkọ, tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sẹ́ẹ̀tì kan gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún níwájú ilé ìgbé àwọn obìnrin. Iṣẹ́ náà dára lójú: táǹkì dúdú ńlá méjì lórí òpó irin gíga, ẹ̀rọ omi mẹ́jọ lára ògiri kúkúrú tí wọ́n fi táìlì funfun bò, àti kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fa omi náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí jẹnẹrétọ̀, nítorí pé iná ìjọba kì í dúró pẹ́ ní àdúgbò náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó fi owó dísù sínú ìṣirò nígbà tí wọ́n ń dá owó jọ. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, orí ẹ̀rọ omi márùn-ún ti ká kúrò, àwọn ọmọbìnrin ti so okùn mọ́ òpó irin náà, wọ́n ń sá aṣọ lé e lórí, wọ́n sì ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi láti inú kànga àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Okúta ìrántí náà ṣì ń dán ní tirẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ náà gbẹ́ kànga tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì fi ìyókù owó ra pánẹ́ẹ̀lì sólà, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ yà á sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú, omi ìbá ṣì máa ṣàn níbẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ọrẹ kì í ṣe olówó rárá. Alágbàfọ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Oseola McCarty, wọ́n bí i ní 1908 ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú Hattiesburg ni ó sì dàgbà sí. Ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹfà, nítorí pé ìyá rẹ̀ kan, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá fún ìyá rẹ̀, ṣàìsàn títí tí kò fi lè rìn mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò dúró tì í. Kò padà sí kíláàsì mọ́. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Á da omi sínú ìkòkò dúdú ńlá ní àgbàlá, á dáná sí i, á se aṣọ àwọn ènìyàn nínú rẹ̀, á fi ọwọ́ rin ín lórí pákó ìfọṣọ, á ṣàn án, á sá a, á sì lọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Nígbà kan, ó ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó dán an wò, ó rí i pé funfun aṣọ kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì fi ẹ̀rọ náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ó ti ń gbé díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí báńkì, kò sì jẹ́ yọ ọ́. Kò ní ọkọ, kò bímọ, kò ní mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ sí ọjà, tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ìrajà níwájú. Bí bàtà bá fún un, á gé iwájú rẹ̀ kí ọmọ ìka lè rí àyè. Bíbélì rẹ̀ ti gbó débi pé sẹ́lótéèpù ni ó fi so àwọn ojú ìwé rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àrùn oríkèé mú ọwọ́ rẹ̀ tí kò sì lè fọṣọ mọ́, ó ti lé ní ẹni ọdún 85, owó tí ó wà ní báńkì sì ti ju èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú rò lọ.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń ṣàníyàn nípa ẹni tí yóò jogún owó náà àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá àgbàlagbà yìí, ọ̀kan nínú wọn sì kó kọ́ìnì mẹ́wàá sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ní kí ó kà á sí pé gbogbo owó rẹ̀ nìyẹn, kí ó pín in bí ó bá ṣe wù ú. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìjọ rẹ̀, ó fi mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ìbátan rẹ̀, ó sì ti mẹ́fà tí ó kù sí ọ̀nà yunifásítì tí ó wà ní ìlú náà, University of Southern Mississippi. Ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá yẹn tó nǹkan bí $150,000. Ní 1995 ni wọ́n kéde rẹ̀, ẹni ọdún 87 sì ni ìyá náà nígbà náà. Kí òǹkàwé tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí ó mọ̀ pé yunifásítì kan náà yìí kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan wọlé títí di 1965, nígbà tí ìyá McCarty fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹni ọdún 55. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè gbà á nígbà èwe rẹ̀ ni ó fi èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ta lọ́rẹ, kí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ lè rí i lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ètò náà ni ó yẹ kí a wò fínnífínní. Wọ́n ṣe é lábẹ́ òfin débi pé ìyá náà yóò máa rí owó ìgbọ́bùkátà rẹ̀ gbà ní gbogbo ìyókù ayé rẹ̀, ìpín ti yunifásítì yóò sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò ìlú Hattiesburg gbọ́, wọ́n dá iye kan náà jọ kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ má baà dúró di ìgbà náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn mìíràn sì fi tiwọn lé e. Ní 1995 yẹn gan-an ni ọmọ àkọ́kọ́ ti gba sikọ́láṣíìpù $1,000, ìyá náà sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ààrẹ Bill Clinton fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, Yunifásítì Harvard fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1996, ó sì kú ní 1999 ní ẹni ọdún 91. Wọn kò fi ẹyọ kọ́bọ̀ kan nínú owó náà kọ́ ilé. Ojú owó wà níbẹ̀, èrè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná, àwọn ọmọ sì ń gbà á títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa rò nìyẹn. Ẹni tí ó ní oko kòkó ń ta èso rẹ̀ lọ́dọọdún, kì í gé igi rẹ̀ dáná. Bí a bá fi $150,000 sí òwò tí ó dára, tí a sì ń yọ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, $7,500 ni yóò máa wọlé, bí èrè bá sì ju èyí tí a ń yọ lọ, ojú owó fúnra rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i kí ọ̀wọ́n ọjà má baà jẹ ẹ́ tán. Kò sí awo nínú rẹ̀. Harvard tí gbogbo ayé ń pariwo owó rẹ̀, ọrẹ ni ó fi bẹ̀rẹ̀: John Harvard, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàásù kan tí ó kú ní 1638, ni ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ àti nǹkan bí 400 ìwé sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní 1643, obìnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Ann Radcliffe, fi £100 ránṣẹ́ fún ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní, òun sì ni owó sikọ́láṣíìpù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lónìí, àkójọ owó ọrẹ tí wọ́n kì í fọwọ́ kàn ní Harvard ti ju bílíọ̀nù 50 dọ́là lọ, èrè rẹ̀ sì ń san ju ìdámẹ́ta lọ nínú owó tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ná lọ́dún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkówójọ ni ó para pọ̀ di òkè owó yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹni tí ó fi sílẹ̀ sì ti sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe: ìwé ni, àga ọ̀jọ̀gbọ́n ni, owó oúnjẹ ọmọ talákà ni.

Ẹnìkan yóò sọ pé dọ́là ni dọ́là, náírà sì ni náírà, òótọ́ ni ó sì sọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le fún wa ju bí ó ti le fún àwọn ará Mississippi lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní 2024, nǹkan bí 1,500 náírà ni a ń san kí a tó rí dọ́là kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, ní ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn yunifásítì wa, a ṣì máa ń gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó peregedé jù lọ nínú ẹ̀ka kan gba ẹ̀bùn tí owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tí ó wọ̀ dé gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀ kì í ṣe ahun. Ní ọdún tí ó gbé owó náà kalẹ̀, ó tó ohun tí ọmọ lè fi ra ìwé fún odindi ọdún kan. Owó náà jókòó sí báńkì, ọ̀wọ́n ọjà sì jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Ní 2024, ọ̀wọ́n ọjà ní Nàìjíríà ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì sí àkántì ìfowópamọ́ tí èlé rẹ̀ lè bá a sáré.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a pa ètò náà tì. Ó túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ fi owó náà sílẹ̀ bí owó. Ní tèmi, ohun tí ó bá ìlú wa mu jù lọ ni ohun ìní tí iye rẹ̀ ń bá ọjà lọ: ilé ìtajà ní ẹ̀bá ọgbà tí owó ìyágbé rẹ̀ ń lọ sókè lọ́dọọdún, ilé ìgbé kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó sí tí èrè rẹ̀ sì ń ṣe ìrànwọ́ fún àwọn mìíràn, ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí a ń tà ní ọjà pàṣípààrọ̀ ìpín ní Èkó, àti, fún àwọn tí ó wà lókè òkun, owó tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là tí èrè rẹ̀ nìkan ń wá sílé. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ ilé sí Ìbàdàn tí wọ́n sì fi owó ilé rán ọmọ lọ sí London mọ ọ̀nà yìí dáadáa láìka ìwé ètò ọrọ̀ ajé kankan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bú àwọn tí ó ń fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wọn sára ilé. Èmi kò sí lára wọn. Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ohun rere kí a má fẹ́ kí wọ́n fi kì wá, bí orúkọ bá sì jẹ́ ohun tí yóò mú kí olówó kan tú àpò rẹ̀, kí a kọ ọ́ gàdàgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń wọ Gbọ̀ngàn Trenchard lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé alága ilé-iṣẹ́ UAC nígbà kan rí ni ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń bí mi nínú ni orúkọ tí ó ga ju ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò fẹ́ orúkọ. Chuck Feeney, tí ó fi ṣọ́ọ̀bù ọjà tí kò ní owó orí ní pápákọ̀ òfuurufú di olówó, fi nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là ta Yunifásítì Cornell tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́rẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń gba owó náà kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ó ti wá. Nígbà tí ó kú ní 2023, ó ti fi ohun tí ó ju bílíọ̀nù 8 dọ́là lọ tọrẹ, ilé tí ó yá ni ó ń gbé. Ní 2024, Ruth Gottesman, ìyá ẹni ọdún 93 tí ó ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Albert Einstein College of Medicine ní Bronx, fi bílíọ̀nù kan dọ́là tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ta ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà lọ́rẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan níbẹ̀ má san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ju $59,000 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ó sì sọ ọ́ di àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ yí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà padà sí tòun. Àdúgbò tí wọ́n yàn tún dùn mọ́ mi: Bronx wà lára àwọn ibi tí òṣì àti àìsàn ti pọ̀ jù ní New York, dókítà tí kò sì jẹ gbèsè lè yàn láti dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ti olùkọ́, òun ni a máa ń gbàgbé jù. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣàánú akẹ́kọ̀ọ́, ilé sì ṣeé fi ojú rí, ṣùgbọ́n ta ni ń dá owó jọ kí olùkọ́ kẹ́mísírì lè ra kẹ́míkà? Síbẹ̀, ohun tí ó sọ Yunifásítì Ìbàdàn di ohun tí ó dà ní ọdún 1960 sí 1970 kò ṣẹ̀yìn irú ọrẹ yìí. Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yan Ìbàdàn mọ́ àwọn yunifásítì tí òun yóò gbé dìde ní àsìkò náà, wọ́n san owó àwọn olùkọ́ àlejò, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ Nàìjíríà lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé lókè òkun kí wọ́n lè padà wá gba ipò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, wọ́n sì ṣèrànwọ́ nígbà tí wọ́n dá ilé ìmọ̀ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní 1962. Ènìyàn ni wọ́n kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn kọ́ àwọn tí ó kọ́ wa. Kùdìẹ̀-kudiẹ ibẹ̀ ni pé, nígbà tí àjọ ilẹ̀ òkèèrè yí ojú sí ibòmíràn, kò sí ẹni tí ó ti múra láti gbé ẹrù náà nílé.

Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì japa. A kò lè fi owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde san owó oṣù gbogbo olùkọ́, kò sì yẹ kí a gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kékeré wà tí ó lè dá ọ̀dọ́ olùkọ́ dúró: owó tí yóò fi lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, owó tí yóò fi gba ìwé ìròyìn ìmọ̀, bátìrì àti sólà tí kì í jẹ́ kí fíríìjì yàrá ìwádìí kú. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fíríìjì yẹn. Ẹ̀jẹ̀, irúgbìn, tàbí kòkòrò àìsàn tí wọ́n kó jọ fún ìwádìí lè gba ọdún mẹ́ta kí ó tó pé. Iná lè lọ ní alẹ́ Ẹtì kan, kí dísù tán, kí ó di àárọ̀ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, kí omi sì ti ṣàn jáde lábẹ́ fíríìjì dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Owó bátìrì tí ìbá dá a dúró kò tó owó tí a ń ná lórí oúnjẹ àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní ọjọ́ àjọ̀dún sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Ọrẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ní 2019, Robert F. Smith dìde níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Morehouse College ní Atlanta, ó sì ṣèlérí pé òun yóò san gbogbo gbèsè ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ń jáde lọ́jọ́ náà. Nǹkan bí 400 ni wọ́n, owó náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 34 dọ́là. Nílé, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá fi mílíọ̀nù kan náírà ta akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní Augustine University ní Ìlárá-Ẹ̀pẹ́ lọ́rẹ ní 2024, wọ́n sì tó 750. Mo yọ̀ sí méjèèjì. Mo tún mọ̀ pé ọmọ tí ó wọlé ní ọdún kejì kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọrẹ náà di búburú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé oríire ọmọ kan kò yẹ kí ó rọ̀ mọ́ ọdún tí ó bọ́ sí.

Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nísinsìnyí, láìsí èlé, àwọn kan sì ń gba 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìgbọ́bùkátà. Nítorí náà, ibi tí ọrẹ aládàáni ti lè wúlò jù ti yí padà díẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ni ń lé ọmọ sílé. Owó ilé ni, owó títẹ iṣẹ́ àṣekágbá ni, owó gíláàsì ojú ni, owó ọkọ̀ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí kò sanwó ni. Ìkówójọ kékeré tí ọ̀gá ẹ̀ka kan lè fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ méjì, láìsí ìwé àṣẹ mẹ́wàá, lè dá ọmọ kan dúró ní kíláàsì ju sikọ́láṣíìpù ńlá tí wọ́n ń ṣe ìdánwò fún lọ.

Ẹ̀rù kan ń bà mí, mi ò sì ní fi pamọ́. Bí aládàáni bá ń fúnni, ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọwọ́. Owó TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n ṣe òfin rẹ̀ ní 2011 tí ó sì ń wá láti inú èrè àwọn ilé-iṣẹ́, ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé tuntun tí a ń rí ní ọgbà àwọn yunifásítì ìjọba lónìí. Ìyẹn tún jẹ́ ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí àwa náà máa sáré kọ́ ilé: ẹni tí ń kọ́ ilé ti wà, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ni kò sí. Olówó kan kò sì gbọdọ̀ fi ọrẹ rẹ̀ yan olùkọ́ tàbí kí ó fi gba ọmọ wọlé. Èyí yẹ kí ó wà nínú àdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń fa ọwọ́ ọ̀pọ̀ sẹ́yìn ni àìrí ìṣirò. Mo ti gbọ́ ọ léraléra lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ó wà ní London àti Houston pé àwọn fi owó ránṣẹ́, ìwé ìdúpẹ́ kan dé, ó parí síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kí wọ́n fún òun lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà lọ́dọọdún, ojú ewé kan péré ti tó, tí ó sọ iye ojú owó, iye èrè, iye ọmọ tí ó gbà á àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Àwọn tí ń fúnni náà gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ láìtijú.

Ojúṣe kan sì wà lọ́rùn àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní Britain. Níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá ti gba ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, tí ẹni tí ń fúnni sì ń san owó orí, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Gift Aid. Ẹni tí ó ń fi £10 sílẹ̀ lóṣooṣù ń fi £30 sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀. Fún ẹgbẹ́ ogójì ènìyàn, £1,200 nìyẹn lọ́dọọdún, ó sì ju owó bátìrì fíríìjì kan lọ dáadáa. Àkáǹtì orí fóònù akápò kò lè gbà á. Ó gba ìwé òfin ẹgbẹ́, àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ (ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán), àkáǹtì báńkì tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, àti ẹnìkan tí yóò fi sùúrù jókòó kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà.